Ohun tó bá ojú bá imú: ọ̀rọ̀ lórí igun ojú

Ọ̀rọ̀ tòní kéré lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jìn. Igun ojú la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ẹyinjú fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọlójú. Igun ojú ni: ibi tí ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, àti ibi tí wọ́n ti pàdé lápá etí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè tí ìyá ọlọ́mọ kan bi wá nígbà tí a lọ bá ẹgbẹ́ wọn jókòó. Ó ní: «Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ń da omi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ipin á ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fún omi ọyàn sí i, mo fún un títí, kò lọ. Aládùúgbò wa ní omi ewé ló dáa. Ẹlòmíì tún ní ọwọ́ ayé ni, pé ọmọ tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò sunkún, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe?»

Kí a tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Ẹni tí kò mọ ibi tí àgbàrá ń gbà lọ, kò lè mọ ìdí tí omi fi dúró sí iwájú ilé rẹ̀. Ẹ mú jígí kékeré kan, tàbí kí ẹ jókòó ní méjì-méjì kí ẹ máa wo ojú ara yín. Ojúmọmọ ni kí ẹ ṣe é, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ná o, nítorí ọwọ́ máa kan ìpéǹpéjú.

Ẹ wo igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ni ẹran pupa kékeré kan, kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí ìṣáná lọ. Àwọn kan máa ń rò pé egbò ni, tàbí pé àrùn kan ló fẹ́ hù. Rárá o. Gbogbo wa la ní i. Ó jọ awọ ara wa: irun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí, ọ̀rá sì ń jáde níbẹ̀. Ọ̀rá ojú, omijé tó gbẹ, ikun ojú àti ekuru ló ń parapọ̀ di ipin tí à ń nù láàárọ̀. Ipin díẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran yẹn, sí apá ẹyinjú, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Tí ẹ bá délé, ẹ lọ wo adìyẹ yín. Tí adìyẹ bá ń ṣẹ́jú, ẹ ó rí awọ kan tó máa ń sáré ti igun ojú rẹ̀ jáde, tí á kọjá lórí ẹyinjú, tí á tún padà sáyè rẹ̀ kíá. Ìpéǹpéjú kẹta adìyẹ nìyẹn. Ológbò náà ní i. Tí ara rẹ̀ kò bá yá, awọ náà máa ń bo ojú rẹ̀ dé àbọ̀. Tiwa ni èyí tó kéré yẹn. Kò lè sáré mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi àyè sílẹ̀ kí ẹyinjú lè yí sọ́tùn-ún sósì láìsí pé nǹkan fà á.

Ó yá, ẹ wá rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, nítòsí imú. Lórí etí ìpéǹpéjú náà, níbi tí irun rẹ̀ ti tán, ibì kan wà tó ga díẹ̀. Ihò kan wà lórí rẹ̀. Ó kéré gan-an, kò tó ìdajì mílímítà kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún nǹkan. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè. Méjì lójú ọ̀tún, méjì lójú òsì. Mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dàgbà, tó ń darúgbó, tí kò mọ̀ pé òun ní ihò mẹ́rin létí ojú.

Ihò mẹ́rin yẹn ni gọ́tà ojú.

Omijé fúnra rẹ̀ kì í ti igun ibẹ̀ wá. Òkè lápá etí ló ti ń wá, lábẹ́ egungun tí irun òkè ojú wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni orísun rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sun díẹ̀díẹ̀, kódà tí à ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú á fi omi yẹn pa ojú bí ẹni ń pa ògiri, á máa tì í láti apá etí lọ sí apá imú. Tó bá dé igun, ihò méjèèjì á fà á mu. Láti ibẹ̀, á gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ju nǹkan bíi mílímítà 10 lọ, á bọ́ sínú àpò kékeré tó fara pamọ́ sínú kòtò egungun lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Láti inú àpò yẹn, á gba inú egungun sọ̀kalẹ̀, á sì já sínú imú. Bí a ṣe ń ṣẹ́jú náà ló ń fún àpò yẹn tó sì ń tú u, bí ìgbà tí à ń fa pọ́ǹpù kànga. Ìdí nìyí tí ojú ẹni tí apá kan ojú rẹ̀ rọ, tí kò lè pa ojú dé dáadáa, fi máa ń da omi ṣáá. Ihò wà, ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fa pọ́ǹpù.

Àwọn àgbà wa ní ohun tó bá ojú bá imú. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òwe lásán o. Tí ènìyàn bá sunkún, ṣé imú rẹ̀ kì í da omi? Omijé ló ń gba ibẹ̀ jáde yẹn, kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Tí a bá sì kán oògùn kíkorò sójú, kì í pẹ́ tí a ó fi máa tọ́ ọ wò lọ́fun. Àwọn kan máa ń yọ̀ pé oògùn náà ti wọlé. Ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú àti ọ̀fun ló wọ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, òun ni gbogbo ìyókù máa dúró lé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ olóṣù mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ bá wà nínú ìyá rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bo ẹnu ọ̀nà omijé níbi tó ti já sí imú. Ní ìgbà ìbí, tàbí láìpẹ́ sí i, awọ yẹn máa ń ya fúnra rẹ̀. Ti àwọn ọmọ kan kì í tètè ya. Omijé á máa sun, kò ní rí ibi gbà lọ, á kún, á ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tó bá dúró sínú àpò á di ipin tó ń lẹ ojú pọ̀. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí omi ojú ọmọ bá aládùúgbò rẹ̀ jà. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó ní i, bíi mẹ́sàn-án ni ọ̀nà tiwọn máa ń ṣí kí wọ́n tó pé ọdún kan.

Iṣẹ́ wà tí ìyá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Kó gé èékánná rẹ̀, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kó gbé ìka kan lé ẹ̀gbẹ́ imú ọmọ, gẹ́lẹ́ níbi tí igun ojú ti pàdé imú. Kì í ṣe orí ẹyinjú o. Kó tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba, títí tí á fi mọ egungun lábẹ́ ìka, kó wá fà á wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Kó ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà márùn-ún sí mẹ́wàá, kó fi í sílẹ̀. Kó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ìgbà tí ọmọ bá ń mu ọyàn ló rọrùn jù, nítorí kò ní jà. Tí ipin bá tú jáde ní igun ojú nígbà tí ó ń tẹ̀ ẹ́, kó má bẹ̀rù, ohun tó wà nínú àpò ló jáde yẹn. Kó fi aṣọ mímọ́ tó rì sínú omi tí a ti sè tó sì ti tutù nù ún. Aṣọ ojú ọ̀tún kò gbọdọ̀ kan ojú òsì. Bí awọ yẹn kò bá yà títí ọmọ fi pé ọdún kan, dókítà ojú ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gba inú ihò yẹn kọjá láti là á. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Omi ọyàn ńkọ́? Ẹnu ọmọ ni ibi tí ó ti wúlò. Ìyá ọkọ kò fẹ́ ibi fún ọmọ ọmọ wọn, ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ń ṣe. A ò ní kí ẹ bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ẹ fi bí a ṣe ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló mọ ọmọ wọ́ ju dókítà lọ, ọwọ́ wọn á tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n omi ọyàn kò lè ya awọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn, àdídùn rẹ̀ sì ń pe eṣinṣin. Ní ti omi ewé, ìtọ̀, oje ọsàn wẹ́wẹ́, omi àlùbọ́sà àti epo fìtílà, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kó dé ojú ẹnikẹ́ni, ọmọ tàbí àgbà. Wọ́n lè bó ara ojú tó mọ́ gaara bí dígí, kí àpá funfun sì kù síbẹ̀ títí ayé.

Kì í ṣe gbogbo ojú ọmọ tó ń da omi la máa fi ìka tẹ̀ o. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan bá ní ọyún púpọ̀ lójú, tí ìpéǹpéjú wú, tí ojú pọ́n, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe ọ̀la. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ó lè jẹ́ kòkòrò àtọ̀sí tó kó nígbà tí ó ń gba ojú ara ìyá rẹ̀ jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò yẹn lè lu dígí ojú. Wọ́n á tọ́jú ọmọ, wọ́n á sì tọ́jú ìyá àti bàbá pẹ̀lú. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má sá. Òun ló fà á tí àwọn agbẹ̀bí fi máa ń fi pọ́máàdì oògùn sí ojú ọmọ tuntun. Bí wọn kò bá fi sí i, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ọmọ mìíràn tún wà tí ojú rẹ̀ ń da omi, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, tí ibi tó yẹ kó mọ́ gaara sì ṣú bí ìkùukùu. Àwọn ará ilé á máa yin ojú ńlá rẹ̀. Ìfúnpá inú ẹyinjú ló pọ̀ jù, iṣẹ́ abẹ kíákíá ló lè gba ojú náà là. Bákan náà, bí ẹ̀gbẹ́ imú ọmọ bá wú, tó pupa, tó gbóná, tí ara rẹ̀ náà gbóná, ẹ má tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ.

Àgbàlagbà náà ń ní wíwú yìí, àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún pàápàá, nítorí ọ̀nà omijé tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkùnrin lọ. Ojú á ti máa da omi fún oṣù púpọ̀, wọn á ní èéfín ìdáná ni. Nígbà mìíràn, èéfín ni lóòótọ́, nítorí ojú tí èéfín tàbí ekuru ń bà jẹ́ máa ń sun omi ju bí gọ́tà ṣe lè gbà lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kan tí nǹkan wú bí ẹ̀wà lábẹ́ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tó ń ro, tó pupa, omi inú àpò ló ti di ọyún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ fẹ́lẹ́ là á. Ẹni tí wọ́n bá là á fún bẹ́ẹ̀ lè di ẹni tí omijé ń gba awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa fún un. Tí ara bá ti tutù, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń la ọ̀nà tuntun láti inú àpò náà sínú imú. Dókítà kan ní Ítálì, Addeo Toti, ló ṣàlàyé iṣẹ́ yẹn lọ́dún 1904, títí di òní wọ́n ṣì ń ṣe é. Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ wa lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ibi tí dókítà ojú wà. Ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ojú.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti ọgbẹ́. Tí imọ̀ ọ̀pẹ, wáyà, ìwo ewúrẹ́ tàbí eyín ajá bá ya ìpéǹpéjú lápá imú, ọgbẹ́ náà lè kéré, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tètè dá. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ti gé sí méjì. Láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì ló dára kí dókítà ojú rán an papọ̀ lórí ọ̀pá rírọ̀ kan. Tí awọ bá fi lè jiná sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti rí ẹnu méjèèjì mọ́.

Igun apá etí ńkọ́? Kò sí ihò níbẹ̀. Okùn ara tó le ló so ó mọ́ egungun, kí ìpéǹpéjú má baà já bọ́. Tí ọjọ́ orí bá dé, okùn yẹn máa ń dẹ̀. Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, ihò omijé á kọjú síta dípò kí ó kọjú sí ẹyinjú, omi á sì máa ṣàn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín máa ń fi aṣọ nu ojú ní gbogbo ìgbà, ẹ tún ibẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó ní wọ́n ń ronú. Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n máa nù ún lọ sókè sí apá imú. Bí wọ́n bá ń fà á wálẹ̀ lójoojúmọ́, yóò túbọ̀ rọ̀ ni.

Àwọn àgbẹ̀, àwọn apẹja àti àwọn ọlọ́kadà zẹ̀míjàn, tiyín rèé. Ẹran kan máa ń hù láti igun ojú, apá imú ló pọ̀ jù, tó ní ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú, tó rí bí ìyẹ́ kòkòrò, tí orí rẹ̀ kọjú sí ọmọlójú. Oòrùn, afẹ́fẹ́ àti ekuru ló ń fà á, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nílẹ̀ wa ju ilẹ̀ òtútù lọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tó bá dúró sí orí funfun ojú, ẹ lè fi í sílẹ̀, kí ẹ máa dé akẹtẹ̀, kí ẹ máa wọ awò ojú. Bó bá ti ń gun orí ibi dúdú, kí dókítà ojú wò ó kó tó bo ọmọlójú. Ó máa ń hù padà nígbà mìíràn, a ò ní tàn yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣá fi ewé líle tàbí abẹ fá a.

Ti eṣinṣin náà ti fẹ́ bọ́ sórí. Kí ló dé tí eṣinṣin máa ń bà sí igun ojú ọmọdé? Omi àti ipin ló ń wá mu. Láti ojú ọmọ kan sí ojú ọmọ mìíràn, ẹsẹ̀ eṣinṣin, ìka àti aṣọ ìnujú ló máa ń gbé kòkòrò àrùn trakómà, èyí tó ń mú kí irun ìpéǹpéjú yí wọnú, kó máa ha ẹyinjú títí ojú yóò fi fọ́. Apá àríwá ilẹ̀ wa ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i lọ́dún 2022 pé Tógò ti borí rẹ̀ débi tí kì í ṣe ìṣòro ìlú mọ́, ó sì jẹ́rìí kan náà fún Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2023. Iṣẹ́ ńlá ni. Oògùn wà níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fífọ ojú ọmọ pẹ̀lú omi mímọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oògùn ojú. Ẹ rántí pé gọ́tà ojú já sí ọ̀fun. Àwọn àgbà kan wà láàárín wa tí wọ́n ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní glókómà, èyí tí ìfúnpá inú ẹyinjú ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i lójoojúmọ́, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní timolol, dára fún ojú. Tó bá gba igun ojú bọ́ sínú imú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Ó lè mú kí ọkàn máa lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ jù, ó sì lè há èémí mọ́ ẹni tó ní asímà láyà. Ẹ kò ní dá oògùn dúró fúnra yín o. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ kán ẹyọ kan ṣoṣo, torí ojú kò lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyókù á kàn dànù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Kí ẹ pa ojú dé, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú mọ́ egungun imú, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ti dí ẹnu gọ́tà nìyẹn. Oògùn á dúró sójú tí ẹ torí rẹ̀ rà á. Bí oògùn méjì bá wà, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáàárín wọn. Ẹni tó bá sì ní asímà, kó sọ fún dókítà kó tó gba irú oògùn yẹn rárá.

Oògùn ojú orí àtẹ lọ́jà, tó ti pa oòrùn láti àárọ̀, ẹ yẹra fún un. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa pupa ojú kíákíá, inú ẹni tó rà á á dùn, á tún rà á. Dexamethasone ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí ènìyàn bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tó ń yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ń gbé ìfúnpá inú ẹyinjú sókè, ó sì ń jẹ́ kí ojú ṣú. Ojú funfun báláú lóde, ó ń kú lọ nínú.

Èyí tó kù ni tìróò, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa fa ariwo nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ojú ọmọ mọ́, kó tóbi, kó sì dáàbò bò ó. Ẹwà rẹ̀ wà, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú tó ń dán, tó wúwo lọ́wọ́, tí wọ́n máa ń lọ̀ láti fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú tìróò, òjé àti imí ọjọ́ ló parapọ̀ di òkúta yẹn. Ní Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n wá inú ilé títí, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Kì í ṣe pé wọ́n bu òjé lù ú. Òkúta yẹn fúnra rẹ̀ ni.

Báwo ló ṣe ń wọ ara? Ẹ ti mọ̀ báyìí. Omijé á fọ̀ ọ́ lọ sí igun, gọ́tà á gbé e lọ sí ọ̀fun, ọmọ á gbé e mì. Ọmọ á tún fi ọwọ́ ra ojú, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Ara ọmọdé ń gba òjé ju ti àgbà lọ. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́, láìsí ariwo: ọmọ tí kò lè jókòó ti ìwé, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí inú ń run ún láìnídìí. Òjé tó ti wọ egungun kì í tètè jáde.

A mọ̀ pé tìróò kan wà tí wọ́n fi èédú tàbí nǹkan mìíràn ṣe. Lójú, kò sí ẹni tó lè dá wọn mọ̀. Nítorí náà, fún ọmọ ọwọ́ àti ọmọdé, kí ẹ má lé e rárá, kí ẹ má sì fi sí ìwọ́ ọmọ tuntun. Aboyún náà, kó fi í sílẹ̀, torí òjé ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tà á lọ́jà, a ò pè yín ní aṣebi. Ẹ̀yin gan-an lẹ wà nínú ewu jù. Ẹni tó bá ń lọ òkúta yẹn nílé, ekuru rẹ̀ ń bà sórí oúnjẹ, sórí ẹní, sára ọmọ tó ń rá. Ẹ má lọ̀ ọ́ nínú ilé. Ọwọ́ tó wọn tìróò kò gbọdọ̀ bu gààrì fún oníbàárà láìfọ̀, ọlọ òkúta náà kò sì gbọdọ̀ tún lọ ata láé. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá fún yín pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Bí kò bá lè sọ, ẹ ti gba èsì. Àwọn kan nínú yín ti ń bi wá pé kí ni wọn á máa tà dípò rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ jíròrò ìyẹn, kí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó ka gbogbo rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àgbàdo tuntun la máa sọ̀rọ̀ lé lórí: bí a ṣe ń sá a tí kò fi ní hu funfun, àti iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà Kétu àti ti Pọbẹ̀.